Ìwé Ìnáwó Ondina

Oṣù Kejì: kọfí lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́,
sìgá, tẹ́tẹ́, bàtà pupa tí kò wọ̀ rí.
Ìkọ̀wé ìyá ìyá mi ń fò
bí ẹyẹ etíkun Trieste.

Oṣù Kẹta, àrùn wọ̀lú, gègé wúwo.
Ìbòmú. Ọṣẹ. Ọtí kíkan. Ìbòmú.
Ẹ̀rọ kékeré tí ń ka èémí lórí ìka,
owó bàtà méjì ló gbé e lọ.
Wọ́n ní ìlera loògùn ọrọ̀;
òun tú ọrọ̀ jọ, ó fi ra oògùn.
Níbi tí sìgá máa ń wà, ó fa ìlà:
"Wọn kì í tún ẹ̀dọ̀fóró rà."

Oṣù Kẹfà: kẹ̀kẹ́ àlòkù,
ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin!

Lọ́dún kejì, òun tó ń sá fún abẹ́rẹ́ bí ọmọdé
ló kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà àjẹsára,
ó gbé àga tirẹ̀ dání.

Ara ìlú ti ń dì mọ́ra báyìí.
Kọfí padà, ẹ̀ẹ̀kan péré.
Sìgá ò padà.
Ṣùgbọ́n ìlà kan ò yẹ̀ lóṣooṣù:
"Búrẹ́dì, ti èmi àti ti Livio."
Oṣù Kẹrin àkọ́kọ́ yẹn ni Livio kú.

Mo ṣírò owó rẹ̀. Ó pé.
Mo pa ìwé dé.