Inú Rírọ̀, Igbe Líle

Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá mi fi gbẹ́ ilẹ̀ Abẹ́òkúta,
láti Arákàngà dé Aké,
ó ń wá ibi tí omi ìjọba ti ń jò.
Á nà gbalaja sórí àpáta,
á fi etí lé irin, á ní:
"Ẹ dákẹ́. Ó ń sọ̀rọ̀."

Irin ní ohùn. Ìfun ò ní.

Oṣù mẹ́rin ló fi ń sá fún oúnjẹ.
Òkèlè mẹ́ta, á ti àwo sẹ́yìn,
á fọwọ́ gbá inú mú, á máa wo ògiri.
Ìyá mi ní ọgbẹ́ inú ni.
Ẹ̀gbọ́n mi ní jẹ̀díjẹ̀dí ni,
ó gbé ìgò agbo dé láti Láfẹ́nwá.
Ṣòkòtò ń yọ̀ nídìí rẹ̀, ó fi okùn dì í.
A ní àgbà ló dé.

Òru ọjọ́ Ẹtì kan, aago méjì ku díẹ̀,
ó lọgun.
Mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí
lẹ́nu ọkùnrin tí òkúta ti já lé lẹ́sẹ̀ rí
tó kàn rẹ́rìn-ín.

Ọkọ̀ tí Ṣówándé fi ń kó búlọ́ọ̀kù ló gbé wa lọ Ìdí-Àbà.
Ní gbogbo kòtò
ló ń pe orúkọ ìyá rẹ̀ tó ti kú.

Nọ́ọ̀sì tẹ inú rẹ̀. Ó rọ̀ bíi tìmùtìmù.
Ó wò wá bíi pé eré là ń ṣe.
Dókítà kan ní ká fún un lábẹ́rẹ́, kó sùn,
ilẹ̀ á mọ́.

Àfi Adénrelé, dókítà kékeré tí gíláàsì ojú rẹ̀ ti sán,
ló di ọrùn-ọwọ́ bàbá mi mú, tí kò fi í sílẹ̀.
"Ọkàn yìí ń sáré, ó ń dúró, ó tún ń sáré."
Ó ní bí inú bá rọ̀ tí igbe le,
ẹ fi inú sílẹ̀, ẹ wá ẹ̀jẹ̀ lọ.
Ọkàn tó ń ṣe ségesège, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú rẹ̀ bí ẹ̀kọ;
ìṣù kékeré á já,
á há sẹ́nu iṣan tó ń bọ́ ìfun.
Ó ní ó ṣọ̀wọ́n.
Ó ní ẹni tó bá dúró de ilẹ̀ mímọ́,
òkú ìfun ló máa bá.

Bàbá mi lajú.
"Páìpù ló dí."
"Páìpù ló dí, bàbá."
"Ẹ yára," ló wí, òógùn bò ó.
"Àwa náà máa ń ní kí Ìbarà dúró di Mọ́ńdè."

Wọ́n la inú rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ tó yọ.
Wọ́n yọ ìṣù náà. Ìfun tí wọ́n gé sọnù
gùn tó apá mi.

Ó ti ń jẹun, díẹ̀díẹ̀, bí ẹyẹ.
Ó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì,
ó sì ń bẹ̀rù abẹ fífá irùngbọ̀n.
Nírọ̀lẹ́, níwájú ilé wa ní Gbágùúrá,
á gbé ìka méjì lé ọrùn-ọwọ́ ara rẹ̀,
á ní ká pa rédíò.

Ẹ̀rọ omi ẹ̀yìnkùlé ò tíì yọ
láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.