Ẹsẹ̀ Ló Kọ́kọ́ Dé

Mẹ́ta ni Bàbá Pẹrẹ́rà tò sórí bẹ́ǹṣì fún mi
ní ṣọ́ọ̀bù tóóró tó wà lẹ́yìn Kámpọ̀sì,
níbi tí òórùn lẹ́ẹ̀dì yíyọ́ ti wọ ara ògiri.
Mo ní pẹ́dàlì wáwà ni mo ń wá,
èyí tí í la ẹnu gìtá, tí í tún pa á dé.
Ó ní, "Wáwà kì í ṣe ọ̀kan. Jókòó."

Owó mi ò ju ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógójì,
mo ká a sínú ìbọ̀sẹ̀:
owó àṣemọ́jú nílé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú,
níbi tí mo ti ń gé etí ìwé ìsìnkú àwọn tí n kò mọ̀
kí wọ́n lè dọ́gba kó tó di àárọ̀ Fúráìdé.

Àkọ́kọ́ ń dán bí bàtà ọkọ ìyàwó,
ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀.
Mo tẹ̀ ẹ́: ó ké wíìn,
ohùn tó mọ́, tó mọ́ jù,
bí pálọ̀ tí wọn kì í jẹ́ kí ọmọdé wọ̀.
Ìkejì dúdú, ó wúwo, ó tó fọ́ olè lórí.
Ohùn rẹ̀ wọ̀ mí lára, irọ́ kọ́,
ó dà bí àgbà tó jí lóru tó ń wá omi,
àmọ́ ó le lábẹ́ ẹsẹ̀. Orúnkún mi ní
ta ni olówó, ta ni ìwọ̀fà nínú àwa méjèèjì?

Ìkẹta, kí ni kí n wí?
Ọ̀dà rẹ̀ ti bó, rọ́bà rẹ̀ ti jẹ lápá gìgísẹ̀,
ẹnìkan fi ìṣó họ T.A. sí ìdí rẹ̀.
Mo bi Bàbá pé ta ni T.A.
"Ẹni tó nílò owó ni."
Mi ò tíì fẹsẹ̀ kàn án tí wọ́n fi mú iná lọ.

Wọ́n fa jẹnẹrétọ̀ ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò dáhùn.
Bàbá ò dìde. Ó bi mí lórúkọ nínú òkùnkùn.
"Ìgè."
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́:
"Ẹsẹ̀ ẹ ló kọ́kọ́ rí Èkó, orí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn,
o wá ń fi etí yan ohun tí ẹsẹ̀ máa bá gbé!
Bọ́ bàtà."
Mo bọ́ bàtà.
"Ìbọ̀sẹ̀ ńkọ́?"
Mo fà á yọ, owó tú sílẹ̀ yàà,
tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀ sì ti kà á kí n tó ṣà á.
Ibẹ̀ ni ìdúnàádúrà wa parí sí.

Mo gbé ẹsẹ̀ lásán lé ìkẹta.
Kò sí iná, kò sí ohùn,
irin tútù kan ṣáá tó ń lọ síwájú, tó ń bọ̀ sẹ́yìn,
gìgísẹ̀, ọmọ ìka, gìgísẹ̀, ọmọ ìka,
mo sì bá ara mi lábẹ́ máṣíìnì ìyá mi ní Èbúté-Mẹ́ta,
ọmọ ọdún mẹ́fà, ẹsẹ̀ mi lórí ẹsẹ̀ rẹ̀,
tó ń rán yunifọ́ọ̀mù ọmọ ọlọ́mọ,
tó ń sọ pé, "Rọra, Ìgè, má sáré ju òwú lọ."
Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí wọ́n ti ta máṣíìnì náà.
Mi ò mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi ò bá wọn tà á.

Iná dé. Bàbá ki wáyà bọ̀ ọ́, ó ní kí n ta okùn kan péré.
Ó kọ́kọ́ ha, bí iyanrìn nínú gààrí,
lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀:
wà, nígbà tí gìgísẹ̀ mi wà nílẹ̀,
wa, ní àárín,
wá, nígbà tí ọmọ ìka borí.
Wà. Wa. Wá.
Mo tẹ̀ ẹ́ títí ọmọ kan fi yọjú lẹ́nu ọ̀nà
tó ní, "Ta ló ń pè mí?"

Ogójì ni Bàbá gbà, ó fi ẹgbẹ̀rún kan sílẹ̀ fún owó ọkọ̀.
Mo ní, "Ó ṣì ń ha díẹ̀."
Ó ní, "Èmi náà ń ha. Ṣé mi ò sọ̀rọ̀ ni?"
Mo ti dé ìta kó tó pariwo tẹ̀lé mi:
"Ìgè! Yọ wáyà tó o bá ṣeré tán o,
àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, bátìrì á sùn, kò ní jí!"