Ọtí Tí A Kò Tíì Yà Sí Mímọ́

Ọdún tí òrùlé ilé àwọn Sístà já sínú yàrá ìjẹun,
ọkùnrin kan ti Róòmù wá, Ubaldo Trezzi,
pẹ̀lú kámẹ́rà kan, iná mẹ́ta, bàtà tó ti lanu.
Ó ní òun fẹ́ ṣe sinimá abanilẹ́rù níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá.

Sístà Domitilla nìkan ló kù nínú ilé náà, òun àti adìẹ mẹ́rin.
Kò béèrè ìtàn tí wọ́n fẹ́ ṣe.
Ó gbójú sókè, ó ń fi ìka ka ihò:
ihò kan, owó kan; ihò kan, owó kan.

Ọmọ ọdún méjìlá ni mí ní Castelgrifo nígbà náà.
Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa sun koríko tútù nínú garawa
kí èéfín lè máa rìn bí iwin lábẹ́ ilẹ̀kùn.
Ojú ṣì ń ta mí títí dòní.

Ọmọbìnrin mẹ́ta ni wọ́n rí kó wá; ìwé ní kí wọ́n jẹ́ méjìlá.
Wọ́n á gba iwájú òpó kọjá tàwọn ti àbẹ́là,
wọ́n á sáré gba ẹ̀yìn, wọ́n á tún yọ níwájú,
mẹ́ta, mẹ́fà, mẹ́sàn-án, méjìlá,
wọ́n á máa mí hẹlẹhẹlẹ lábẹ́ ìborí.
"Òkú kì í mí!" ni Ubaldo ń pariwo.
Loredana ní òkú kì í sì í ṣiṣẹ́ láìjẹun.
Sístà gbọ́. Ó lọ gbé ìkòkò ẹ̀wà kaná.
Gaspare, Bìlísì wa, tí ìwo rẹ̀ jẹ́ búrẹ́dì gbígbẹ tí a kùn,
bọ́ ìwo náà kí Sístà tó gbàdúrà sí oúnjẹ.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀jẹ̀ tán.
Tòmátì kò jọ ọ́, ọ̀dà sì wọ́n.
Sístà sọ̀ kalẹ̀ sí àjàalẹ̀, ó gbé ìgò mẹ́fà bọ̀:
"Ọtí Máàsì ni. A kò tíì yà á sí mímọ́. Ẹ mú un."
Wọ́n sè é mọ́ ṣúgà títí ó fi ki.
Mo dúró ti iná náà, mo ń rò ó:
láàárọ̀ Àìkú, fádà á sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sí i, á di ẹ̀jẹ̀;
lọ́sàn-án Ìṣẹ́gun, Ubaldo á jágbe mọ́ ọn, á di ẹ̀jẹ̀.
Mo ki ìka bọ̀ ọ́, mo lá a.
Ó dùn.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Ivonne tó ń ṣe Mọ́dá bínú lọ, wọn ò sanwó rẹ̀.
Ó ku ìran kan ṣoṣo: kí ọwọ́ arúgbó ti ilẹ̀kùn.
Ubaldo jókòó sórí garawa mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.
Sístà nuwọ́ mọ́ ẹ̀wù: "Ṣé ojú ò ní hàn?"
"Ojú ò ní hàn."
Ó ti ilẹ̀kùn bó ṣe ń tì í lálaalẹ́
látìgbà tí wọ́n ṣì jẹ́ mọ́kànlélógún,
díẹ̀díẹ̀, kí igi má baà dún, kí ẹni tó ń sùn má baà jí.

Ìgbà òtútù ni sinimá náà dé ìlú ìsàlẹ̀ òkè.
Wọ́n fi èéfín mi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n súfèé sí Loredana.
Ìwo Gaspare já, ẹnìkan ju èèpo ọsàn.
Ìgbà náà ni ọwọ́ kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri,
ó nà sí ilẹ̀kùn,
gbogbo ilé pa lọ́lọ́.
Ìyá mi di apá mi mú. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí orin,
ọwọ́ lásán, tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ogún yàrá tó ṣófo.

Sístà bi mí: "Ṣé ó dẹ́rù bani?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Ó ní, "Èéfín rẹ ni." N ò fèsì.

Ìdajì owó ni Ubaldo san. Ìdajì òrùlé ni wọ́n tún ṣe.
Sístà gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sí ìhà tí kò jò,
ó gbé garawa mi sí ìhà kejì,
kò sì dá a padà.