Ẹni Tí À Ń Bi

Aago mẹ́rin òru kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
Ọ̀ọ́dúnrún búrẹ́dì ń mí sí mi lẹ́yìn ọrùn,
ìrì dídì ń họ gíláàsì ọkọ̀ bí ológbò tó fẹ́ wọlé.
Mo tan rédíò.
Ẹ káàárọ̀ o, ni Máríìtì Hálífọ́sìn wí láti Dúlúùtù,
obìnrin tí n kò fojú rí rí,
tí mo mọ ọjọ́ tí ọ̀fìnkìn mú un,
tí mo mọ ọjọ́ tó ti ibi ìsìnkú dé.
Kò sọ ọ́. Ohùn rẹ̀ ló tú u.

Bàbá mi ní ọ̀kan ní Ìkìrun,
ó fi rọ́bà táyà dì í nídìí kí bátìrì má baà já bọ́.
Asọ̀rọ̀mágbèsì ni gbogbo wa ń pè é,
síbẹ̀ bàbá ń fún un lésì láràárọ̀:
Irọ́ nìyẹn! Ta ló rán ọ? Ó dáa, máa wí.
Ìyá mi á ní, Bàbá Rúkáyátù, kò gbọ́ yín o.
Bàbá á ní, èmi gbọ́ ara mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n tọrọ owó.
Odidi ilé iṣẹ́ rédíò! Ojú tì mí bá wọn.
Wọn kì í polówó ọṣẹ, wọn kì í polówó ọtí,
àwa tí ń gbọ́ ni ká wá fi dọ́là ra etí wa.
Mo fi ogún ránṣẹ́.
Wọ́n fi kọ́ọ̀bù kan dá mi lóhùn.

Lónìí, aṣòfin kan ló kọ́kọ́ jókòó.
Máríìtì bi í: odò tí ilé iṣẹ́ irin sọ di pupa,
ta ni yóò tún un ṣe?
Ó dúpẹ́ fún ìbéèrè náà.
Ó ròyìn bàbá bàbá rẹ̀ tó wa kùsà,
ó ròyìn àsíá, ó ròyìn àwọn ọmọ wa lápapọ̀.
Máríìtì tún bi í.
Wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà;
wọn ò sọ ti ẹni tí à ń bi, tó fẹ́ ṣìnà.
Ó bi í lẹ́ẹ̀kẹta, jẹ́jẹ́,
bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọdé.
Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀.
Èmi àti búrẹ́dì gbọ́ ọ.

Rósálì Défó ló tẹ̀ lé e,
onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó bí sí etí adágún ńlá yìí,
tí àwọn ìyá ìyá rẹ̀ ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ya máàpù.
Ó lu yìnyín ní ihò, ó sọ gbohùngbohùn sísàlẹ̀.
Ẹ gbọ́, ó ní.
Yìnyín ń súfèé! Ó ń kérora, ó ń dún kìì,
bí ilẹ̀kùn ilé tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí.
Mo dẹ ẹsẹ̀ lórí tọ́tù.
Máríìtì ní, lọ́dún tí kò bá dì mọ́,
kí ni adágún yóò máa sọ?

Òkè dé. Rédíò di ṣìì.
Mo na ọwọ́ sí i, mo gbá a, mo bẹ̀ ẹ́.
Ìdáhùn ti ṣubú sẹ́yìn àpáta.

Mo já búrẹ́dì ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta láìkí ènìyàn dáadáa.
Ní ẹ̀kẹrin, Áínì Kétólà ń fi ṣọ́bìrì ko ìrì dídì lẹ́nu ọ̀nà.
Mo bi í, ṣé o gbọ́ rédíò? Kí ló wí?
Ó fi ọwọ́ lé ṣọ́bìrì.
Ó ní òun ò mọ̀.
Ìwọ ni o ò mọ̀, àbí òun?
Òun. Ó ní, N kò mọ̀, ó sì dákẹ́,
Máríìtì náà dákẹ́,
mo rò pé rédíò mi ti bàjẹ́.

Nígbà tí mo ń padà, ohùn wọlé láàárín gbólóhùn:
àgbà kan ní igi tí òun fi gbẹ́ gòjé
kì í gbàgbé ẹyẹ tó bà lé e.
Irọ́ nìyẹn, mo ní.
Ó dáa, máa wí.