Ìṣẹ́jú-Àáyá Mẹ́tàdínlógójì

Wọ́n pè mí láti Kétu lọ́jọ́ Àlàmísì, òjò ń rọ̀.
Màdáàmù Pelají, àgbà agbẹ̀bí, ló wà lórí fóònù:
"Fálékè, wá wo aago wa.
Aago wa ń purọ́ mọ́ ọmọ."

Mo gun alùpùpù láti Pobẹ̀,
ilẹ̀ pupa lẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀ títí dé orúnkún.
Mo gba ẹ̀gbẹ́ Àkàbà Ìdènà kọjá, mo kí i bí a ti í kí àgbà,
mo wọ yàrá kótópó tí suwíìṣì ń gbé:
iná tín-ń-tín mẹ́rìnlélógún, wọ́n ń ṣẹ́jú sí mi
bí ọmọ iléèwé tí kò ka ìwé rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ẹjọ́ náà.
Ìbejì ni wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé jáde nínú Serafíìnì,
èkínní, èkejì, kò tó ìdajì ìṣẹ́jú.
Ẹ̀rọ méjì ló gbà wọ́n, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì,
oníkálukú tẹ àkókò tirẹ̀ sórí ìwé.
Ìwé wá ní Kẹ́hìndé ló kọ́kọ́ dé,
ó fi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rìndínlógún ṣáájú Táíwò.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí òrùlé.
Aago ńlá tí ń gbọ́ ohùn sátẹláìtì, ara rẹ̀ dá ṣáṣá,
ó ń kéde, "Èmi rè é, ẹ wò mí ṣe."
Mo fura sí wáyà. Torí bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí:
wọ́n á rán ìránṣẹ́, á lọ, á bọ̀,
wọ́n á pín ìrìn rẹ̀ sí méjì ọgbọọgba,
láìbéèrè bóyá òkè ló gùn nígbà tó ń lọ.
Kì í ṣe wáyà.
Mo yíjú sí suwíìṣì, oníbodè tí gbogbo ọ̀rọ̀ ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá.
Oníbodè rere a máa kọ ọ́ sẹ́yìn lẹ́tà:
"Èmi ni mo dá ọmọ yìí dúró díẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìrìn rẹ̀."
Ó kọ ọ́. Kò jí nǹkan kan pamọ́.
Mo pààrọ̀ ihò wáyà. Mo pa á, mo tún un tàn.
Aago mẹ́ta kọjá. Ẹnìkan gbé gààrí olómi tútù wá, pẹ̀lú ẹ̀pà.

Ìgbà náà ni mo fi bírò kọ nọ́ńbà ẹ̀rọ méjèèjì sí àtẹ́lẹwọ́ mi.
Ìyàtọ̀ wọn: mẹ́tàdínlógójì. Kò lé, kò dín.
Àṣìṣe tí kò lé, tí kò dín,
kì í ṣe àìsàn,
ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan kò sọ ni.

Aago òkè kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ó ń kà ṣáá.
Ilẹ̀ ayé ló ń yí bí arúgbó tó ń ti oko bọ̀,
ó ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, àwa sì ń dúró dè é,
àpapọ̀ ìdúró wa sì ti di mẹ́tàdínlógójì.
Gbogbo ẹ̀rọ ló gbọ́ pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò.
Ẹ̀rọ Táíwò, tuntun, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ti Kutọnú dé, kò gbọ́;
ẹnìkan gbàgbé àmì kan ṣoṣo.

Mo fi àmì náà síbẹ̀.

Màdáàmù tẹ ìwé mìíràn: Táíwò ṣáájú, ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlélógún.
Ó sáré gbé e lọ bá ìyá Serafíìnì nídìí ibùsùn.
Arúgbó náà kò tilẹ̀ wo ìwé.
"Kẹ́hìndé ló dàgbà, ta ni kò mọ̀?
Òun ló rán àbúrò rẹ̀ pé kó lọ tọ́ ayé wò.
Ẹ̀rọ yín sọ òótọ́ lálẹ́ àná,
ẹ wá lọ pe ẹni tó máa tún un ṣe."

Mo kó irinṣẹ́ mi. Òjò ti dá.
Lẹ́nu ọ̀nà, mo wo aago ọwọ́ tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi:
ó fi ìṣẹ́jú mẹ́rin sẹ́yìn, bó ṣe máa ń ṣe.
N kò fọwọ́ kàn án.