Ẹ Jókòó Ná

Kí ẹ tó so okùn bàtà tuntun yẹn, ẹ jókòó ná.
Bẹ́ǹṣì yìí ń mì díẹ̀, ẹ má bínú,
òjò èṣí ló jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀ kan.
Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ bọ̀ ní Adámásìngbà,
ìrì ṣì wà lórí koríko,
àwọn páànù Mọ́kọ́lá tó ti dípẹtà
ń gba oòrùn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń gba owó ìfẹ̀yìntì.

Ìwé ọmọ iléèwé ni mo fi ń ṣiṣẹ́,
òǹkà ìlọ́po wà lẹ́yìn rẹ̀.
Orúkọ?
Láníyọnu Àkànmú. Rélùwéè ni mo ti fẹ̀yìn tì.
Ọjọ́ orí?
Ó wojú ọ̀run. Ó ní, kọ méjìdínlọ́gọ́ta.
Mo kọ ọ́, mo fi ọkàn kọ méjìdínláàádọ́rin.

Ṣé àyà máa ń fún yín bí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn?
Rárá.
Ṣé òòyì ti kọ́ yín rí, tí ẹ di ògiri mú?
Rárá.
Oògùn kankan wà tí ẹ ń lò?
Rárá yìí yára ju ìbéèrè lọ,
ṣùgbọ́n bó ṣe sún ìdí báyìí,
àpò ṣòkòtò rẹ̀ dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́.
Ike oògùn kò mọ irọ́ pa.

Bàbá, kí ló pa bàbá tiyín?

Ibẹ̀ ló ti dákẹ́.
Ọmọdé kan ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri lápá ọ̀hún,
gbà, gbà, gbà.
Ó ní: Ó ń fi orín fọ eyín láàárọ̀ ni.
Ó kàn jókòó sílẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta.
Wọ́n ní ayé ló ṣe é.
N kò kọ ayé sínú ìwé.
Mo kọ: bàbá; ọkàn, bóyá.

Mo wé ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá. Ó wú, ó rọra tú èémí sílẹ̀:
ọgọ́sàn-án lókè, méjìléláàádọ́fà nísàlẹ̀.
Ó ní ẹ̀rọ Ṣáínà ni.
Mo wé e mọ́ apá ara mi.
Ó wo nọ́ńbà tèmi, ó tún wo tirẹ̀,
bí ẹni ń wo máàkì ọmọ aládùúgbò.

Owó mi ni mo san! Jẹ́ kí n sáré!
Gbádéró ní n kò lè dé ìdí ilé gogoro Òkè Àrẹ̀
láìdúró mí.

N kò sọ ti Bísíríyù fún un.
Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, apá bí òpó,
eyín funfun báláú.
Lọ́jọ́ tó dé, owó nìkan ni mo bi í léèrè.
Àyípo kẹta, ó dúró, ó rẹ́rìn-ín sí mi,
ó jókòó sáàárín koríko.
Orúkọ rẹ̀ ló wà lójú ewé kìn-ín-ní ìwé yìí.
Ìbéèrè kan kò sí lábẹ́ rẹ̀.

Mo ya ewé kan, mo kọ nọ́ńbà méjèèjì sí i,
mo ní kó mú un lọ sí Adéọ̀yọ́.
Mo dá owó rẹ̀ padà, mo fi owó ọkọ̀ lé e.
Kò dúpẹ́. Ó dìde,
okùn bàtà ń wọ́ tẹ̀lé e nínú ìrì.

Lọ́jọ́ kejìlélógún ni mo gbọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ lẹ́yìn mi.
Ó na ìwé dókítà sí mi bí ẹni na tíkẹ́ẹ̀tì sí oníṣẹ́ rélùwéè:
kó máa rìn, kó má tíì sáré.
Oògùn, òwúrọ̀ àti alẹ́.
A rìn. Ìdajì àyípo, a dúró, a mí, a tún rìn.
Ó sọ fún mi bí ọkọ̀ ojú irin ṣe máa ń gbin
kó tó kúrò ní Dúgbẹ̀,
pé awakọ̀ tó bá já a lójijì, oníyẹ̀yẹ́ ni.

Ẹnìkan ń fi wá rẹ́rìn-ín lẹ́nu géètì,
ikùn rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ wọlé.
Gbádéró nìyẹn, ni Láníyọnu wí,
ó wá wòran mi ni.

Mo ṣí ojú ewé tuntun.
Mo fọwọ́ nu ìrì lórí bẹ́ǹṣì.