Funfun

Ní gbọ̀ngàn abẹ́ ilé-ìkàwé, Saskatúùnù,
Hẹ́díwìgì gbé àwòrán yìnyín márùn-ún kọ́.
Ogún ọdún ló fi wa katakata tó ń kó o kúrò ní títì;
ó fẹ̀yìn tì,
ó ń fi ọ̀dà dá a padà.

Àwọn èèyàn ń mu kọfí kọjá.
"Àbí kò tíì parí ẹ̀ ni?"

Ó bi mí, kí là ń pè é lédè wa?
Mo ní: funfun.
Ojú tì mí.
Mo mú pẹ́ńsù, mo kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan:
báláú.
Kinniwin.
Ẹfun.
Òwú tí a ò tíì ran.

Ìkarùn-ún, èyí tó kùn lọ́dún tí ọkọ rẹ̀ kú,
mi ò rí orúkọ fún un.
Ibẹ̀ ni bàbá kan dúró sí
tí kọfí rẹ̀ fi tutù.